Ọjọ́ Tí Àáró Kan Atukọ̀

Tí ẹ bá gba Bajulaiye kọjá lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ń lu ilẹ̀ gbì-gbì-gbì bí ẹni pé ilé fẹ́ rìn, ẹ óò rí obìnrin kan níwájú ṣọ́ọ̀bù Alhaja Àyìsátù. Ó ń ká bébà, ẹnu rẹ̀ sì ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ má ṣàánú rẹ̀. Orí rẹ̀ pé. Ogun ló ń jà.

Olúwafimíhàn ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Fimí là ń pè é. Ìwé tí àwọn atẹ̀wé bá tẹ̀ tán ló ń ká, tó ń tò, tó ń fi píìnì gún pọ̀. Ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ètò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ yẹn ti mọ iṣẹ́ náà débi pé kò nílò orí mọ́. Orí tó ṣẹ́ kù yìí ló fi dá ẹgbẹ́ ogun sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Alágbàṣe Ojú Sánmà. Lókè lọ́hùn-ún, láàárín àwọn ìràwọ̀, ìlú méjì ń bára wọn jà, Ìlú Irin àti Ìlú Yìnyín. Ìjà náà ti pẹ́ débi pé àwọn tó ń jà á ò rántí ohun tó dá a sílẹ̀ mọ́. Àwọn Alágbàṣe kì í ṣe ará ìlú kankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá pè wọ́n síṣẹ́ ni wọ́n ń bá jà, bí alágbàṣe ṣe ń ro oko olóko tó sì ń gbọwọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú sánmà kan tó ti gbó, tí ara rẹ̀ kún fún àlẹ̀mọ́ bí àwọn ọkọ̀ apẹja tiwa ní Ìlàjẹ, níbi tí Bariga ti pàdé ọ̀sà. Wọ́n tún ní àwọn géńdé onírin tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ, tí ọmọ-ogun á jókòó sínú àyà wọn á máa wà wọ́n lọ sójú ìjà.

Ọ̀gágun Delight ni olórí wọn, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Fuad ló ń se oúnjẹ, tó sì ń ráhùn. Atukọ̀ Òkìkíọlá, àgbàlagbà onígbàgbọ́ tó ń kọrin ìjọ sábẹ́ eyín, ló ń darí ọkọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: iṣẹ́ tí kò lówó nínú, a kì í ṣe é.

Sabina, ọ̀rẹ́ Fimí tó ń yan ẹja létí omi, ni Fimí kọ́kọ́ ń fi ohùn sọ ìtàn yìí ránṣẹ́ sí lórí fóònù, kí èéfín má baà sú u. Sabina fi ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja. Àwọn yẹn fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn. Kí á tó mọ̀, ohùn Fimí ti dé Fola Agoro, ó ti dé Obanikoro, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì ń retí rẹ̀.

Ní Bariga tiwa, tí wọ́n bá ní ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni, kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì pé Fimí, ọmọ Bàbá Lazarus, ní ẹgbẹ́, pé wọ́n ní ìbọn, pé wọ́n ń gbowó kí wọ́n tó jà, àwọn àgbà ìjọ rán mi sí i. Mo wọ sùtánà mi, mo gbé Bíbélì, mo lọ.

"Arábìnrin Fimí, wọ́n ní o ní ẹgbẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bùrọ́dà Adégbénró."

"Ẹ̀yin mélòó?"

"Èmi nìkan ni, sà. Àwọn tó kù ò sí láyé."

"Yéè! Wọ́n ti kú?"

"Wọn ò tíì kú, sà. Mi ò tíì pa wọ́n ni."

Mo wá àga, mo jókòó. Alhaja Àyìsátù, ọ̀gá rẹ̀, ń rẹ́rìn-ín débi pé gèlè rẹ̀ fẹ́ já bọ́. Fimí fi fóònù sí mi létí. Nígbà tí mo máa fi dìde, géńdé onírin kan ti ṣubú sínú odò yìnyín, Fuad sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀. Mo ti gbàgbé ìbáwí tí mo bá wá. Mo lọ jábọ̀ fún àwọn àgbà pé òótọ́ ni, ẹgbẹ́ wà, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí Bariga gan-an, kò lè dé ibí láìpẹ́.

Apá kan nínú ìtàn náà bá mi délé o. Ní ọjọ́ kan tí ogun fẹ́ gbóná, Ìlú Irin pe àdúrà, Ìlú Yìnyín náà pe àdúrà. Atukọ̀ Òkìkíọlá, tí kò mọ ẹni tó jàre nínú wọn, kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́kọ̀, ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ kí ẹni tó gba àwọn síṣẹ́ borí. Mo bi Fimí léèrè, "Ti ta wá ni Ọlọ́run gbọ́?"

"Bùrọ́dà, ẹ̀yin lẹ ń wàásù."

Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa bàbá rẹ̀ wàyí, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Etí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni Bàbá Lazarus ti wá. Ó pẹja lórí ọ̀sà títí apá rẹ̀ fi rọ, lẹ́yìn náà ó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn. Kò sí ilé létí omi wa tí kò gbé ẹnì kan wọn rí, yálà aláboyún tó ń rọbí ni o, tàbí òkú tó ń relé. Ohùn rẹ̀ le bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, nítorí orí omi ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣùgbọ́n ohun funfun kan ti yọ bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó kọ́kọ́ ní èéfín ẹja ni. Nígbà tó yá, ó ń kí òpó ilé pé "ẹ káàárọ̀."

Èmi ni mo fi òróró sí ojú náà. Ìjọ gbààwẹ̀. A dè é lẹ́nu àdúrà, a tú u lẹ́nu àdúrà. Ojú ò là. Bàbá ní bóyá ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Mo dákẹ́, nítorí ọwọ́ tèmi ló wà lórí ojú yẹn.

Dókítà ní nǹkan funfun náà ṣeé yọ, iṣẹ́ tí kì í pẹ́ ni, àmọ́ tí wọ́n bá fi falẹ̀ sí i, ojú ọ̀tún lè lọ ráúráú. Wọ́n dá ọjọ́ Ọjọ́rú fún un. Ìjọ àti Alhaja ti gbọ́ bùkátà ibẹ̀. Bàbá ló kù. Bàbá ní òun ò lọ.

"Ẹni tó bá ń jẹ́ Lazarus," ni ó máa ń wí, "Jésù fúnra rẹ̀ ló ń pè é jáde. Kì í ṣe dókítà."

Alhaja dá a lóhùn nígbà kan: "Bàbá, Lazarus tinú Bíbélì yín, ṣé ojú ló ń dùn ún ni àbí ó ti kú? Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tí a máa bá yín gbé!"

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì gbà. Ìdí kejì wà tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni, Fimí ló sọ fún mi. Bàbá ò fẹ́ kí wọ́n fa òun lọ́wọ́ kọjá láàárín àwọn tí òun ti fi ọkọ̀ gbé rí. Ó yá a lára kí ojú fọ́ sínú ilé ju kí ó fọ́ lójú títì lọ.

Ẹnu Fimí bó. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó wá kó ọ̀rọ̀ náà lọ sójú sánmà. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó sọ fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pé ojú Atukọ̀ Òkìkíọlá ti ń ṣú. Òun nìkan ló mọ̀. Ìró ẹ̀rọ ló fi ń darí ọkọ̀. Nígbà tó fẹ́ẹ̀ kọ lu òkúta ńlá kan, ìtìjú mú un. Ó jí ọkọ̀ kékeré gbé, ó lọ fi ara pamọ́ sórí òṣùpá kan tó jẹ́ kìkì yìnyín. Ó ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

Ó wá ku òfin: iṣẹ́ tí kò lówó nínú, a kì í ṣe é. Ta ni yóò sanwó kí ẹgbẹ́ ogun lọ gbé arúgbó afọ́jú?

Háà, ìlú gbóná. Àwọn ará Obanikoro ń bú Ọ̀gágun Delight bí ẹni ń bú ìyàwó búburú. Fareedah tó ń rán aṣọ ní Fola Agoro ní òun fi abẹ́rẹ́ gún ara òun nítorí ìbínú. Sabina ò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ó gbé e wá fúnra rẹ̀: "Fimí, tí o bá pa bàbá yẹn, má dé ìdí ẹja mi mọ́. Jẹ pọ̀nmọ́."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ariwo ẹ̀rọ pọ̀ jù ní Bajulaiye, Fimí sì lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó ṣe bí ẹni ń sùn. Fimí fi àtàǹpàkò tẹ fóònù mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti ní i lọ́kàn pé ọlọ́lá kan máa yọ láti Ìlú Irin, yóò san owó iṣẹ́ náà, ìtàn á sì máa lọ.

"Ọ̀gágun Delight wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, 'Ta ló máa sanwó iṣẹ́ yìí?' Nígbà náà ni ìlẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin ọlọ́lá kan—"

"Irọ́!" Bàbá ti nà dìde. "Irọ́ ni! Ọlọ́lá wo? Àgbàṣe kọ́! Àáró ni!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mò ń gbohùn."

"Gbà á! Gbà á dáadáa, ọma mi!" Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. "Ta ló ń gbé gbogbo wọn lọ gbé wọn bọ̀? Ó ti ṣiṣẹ́ lóko oníkálukú wọn, ó wá kan tirẹ̀ báyìí. Kí wọ́n dìde kí wọ́n lọ! Òun náà, kó jókòó síbẹ̀ kó dúró dè wọ́n! Ẹni tí àáró bá kàn kì í sá kúrò lóko ara rẹ̀. Tó bá sá, ó ti ba ti gbogbo ayé jẹ́!"

Ẹ̀rù ba Fimí, ó gbé àtàǹpàkò kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ohùn náà ti lọ bá gbogbo wọn.

Fún ẹ̀yin tí wọ́n bí sórí ọ̀dà Èkó, àáró ni kí gbogbo wa ro oko tèmi lónìí, ká ro tìrẹ lọ́la, títí yóò fi kárí, láìsan kọ́bọ̀. Létí òkun, àwọ̀n ni wọ́n ń fi ṣe. Wọ́n á jọ hun tẹni kan, wọ́n á jọ hun ti ẹlòmíràn. Bàbá Lazarus ti ṣe é títí ó fi wọ̀ ọ́ lára.

Kò pẹ́ tí èsì fi ń wọlé. "Ta ni bàbá tuntun tó wà nínú ọkọ̀ yẹn? Ohùn ẹ̀ mà le o!" "Ṣé bàbá Ọ̀gágun Delight ni?" "Fimí, fi í sílẹ̀ síbẹ̀, má yọ ọ́." Fareedah ní, "Ariwo pọ̀, mi ò gbọ́ dáadáa. Ṣé àárọ̀ ni bàbá ní àbí àáró?"

Sabina nìkan ni kò béèrè nǹkan kan, nítorí ó mọ ohùn Bàbá Lazarus. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́, ó da omi sí iná ẹja rẹ̀, ó sì gba Bajulaiye lọ bá Alhaja.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú tí dókítà dá, mo jí lọ sílé Bàbá láti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ti múra ẹsẹ Bíbélì sílẹ̀. Mo bá èèyàn lẹ́nu ọ̀nà débi pé n kò rí ibi gbà. Sabina wà níwájú, Alhaja wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìborùn funfun, Fareedah ti Fola Agoro wà níbẹ̀ pẹ̀lú téèpù aṣọ lọ́rùn, àwọn tó kù jẹ́ ará etí omi.

"Ta nìyẹn?" Bàbá béèrè láti orí bẹ́ǹṣì.

"Àáró ni o, Bàbá," Sabina wí.

"Àárọ̀ kẹ̀? Ẹ káàárọ̀. Kí lẹ wá ṣe?"

"Àáró, Bàbá. Àárọ̀ la sì gbé e wá. Ó kàn yín."

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá ń padà bọ̀ wá bá a. Ó yí orí síbi tó rò pé ọmọ rẹ̀ wà.

"Fimí. Ta ló ní kí o fi ránṣẹ́?"

"Àtàǹpàkò mi ni, Bàbá."

"Àtàǹpàkò rẹ ò ní ṣoríire—kò burú, á ṣoríire. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ìtàn lásán ni mò ń dá sí."

"Ìgbà tí ọkọ̀ dojú dé mọ́ ọkọ mi lórí ọ̀sà," Sabina wí, "ṣé ìtàn lásán lẹ fi yọ ọ́ jáde?"

"Ìgbà tí òrùlé mi ṣí, tí òjò ń rọ̀ sórí bébà oníbébà," Alhaja gbà á, "ta ló gun àjà? Mo ní kí n fún yín lówó, ẹ lé mi bí adìyẹ!"

"Owó kọ́ ni mo torí ẹ̀ ṣe é."

"A mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a ò fi pè é ní àgbàṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rín. Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́. "Adégbénró, mo ń gbóòórùn òróró rẹ. O wà níbẹ̀. Wí fún mi. Tí mo bá bá wọn lọ, ṣé kì í ṣe pé àdúrà wa ò dókè nìyẹn?"

Ẹsẹ Bíbélì tí mo múra sílẹ̀ sá kúrò lórí mi. Mo ní, "Bàbá, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkùnrin afọ́jú yẹn, Jésù tutọ́ sílẹ̀, ó po amọ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ ra á lójú. Lẹ́yìn náà ó ní kó lọ wẹ̀ ní adágún. Kò tíì ríran nígbà tó ń lọ o. Amọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Bíbélì ò sọ ẹni tó fà á lọ́wọ́ débẹ̀. Ẹnì kan á ti fà á."

Ọmọ rẹ̀ ni Bàbá yíjú sí. "Fimí, Atukọ̀ Òkìkíọlá ńkọ́? Ṣé ó bá wọn lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin ló ń wò."

Bàbá Lazarus fi ẹsẹ̀ tú abẹ́ bẹ́ǹṣì. "Sọ fún un kó wọ bàtà."

Ariwo tó sọ létí omi lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin tí ẹ wà lórí afárá ńlá á ti gbọ́ ọ. Àmọ́ Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa òun lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Sabina bí ẹni di ìtọ́kọ̀ mú, òun ló sì ń pàṣẹ. "Yà sọ́tùn-ún, gọ́tà wà níbẹ̀. Ẹ rọra, àtẹ Ìyá Oníṣu. Ẹ tẹ̀ síwájú!" Ojú rẹ̀ ò ríran, kò sì ṣì wá lọ́nà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó jókòó síwájú ilé ń dìde kí i. Kò sẹ́ni tó rò pé afọ́jú ló ń kọjá. Wọ́n rò pé ìwọ́de ṣọ́ọ̀ṣì ni, àfi pé wọn ò mọ ohun tí Alhaja ń wá níbẹ̀.

Dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ojú náà, Sabina ló wà níwájú. Bàbá wò ó títí.

"Sabina. Ìgbà wo lo dàgbà tó báyìí?"

"Bàbá! Ẹ padà di ojú yín o!"

Ó yíjú sí mi. "Adégbénró, sùtánà tí o wọ̀ yìí, ṣé funfun lo rò pé ó jẹ́?"

Mo lọ sóde, mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ òróró yẹn. Kò tíì dá mi lóhùn, èmi náà ò sì tíì yé béèrè. Nígbà tí Bàbá fẹ́ jẹ́rìí nínú ìjọ, ẹ̀rù bà mí nípa ohun tó máa sọ nípa àdúrà wa. Ó kàn ní, "Mo bẹ Ọlọ́run pé kó bọ́ sílẹ̀ wá. Kò wá nìkan. Ó kó èèyàn lẹ́yìn, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn." Mo ń rò ó títí di òní.

Lójú sánmà, Ọ̀gágun Delight yí òfin padà. Wọ́n ṣì ń gba àgbàṣe lọ́wọ́ àwọn ọlọ́gun, nítorí Fuad gbọ́dọ̀ ra iyọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ara wọn, àáró ni.

Àáró tiwa náà ò dúró. Nígbà tí kàlẹ́ńdà ọdún tuntun ya lu Alhaja, ó kàn án, gbogbo wa sì lọ sí Bajulaiye lọ ká bébà. Bàbá Lazarus jókòó sáàárín wa, ó ń ká tirẹ̀, ó sì ń gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti wò bóyá etí rẹ̀ dọ́gba. Ó ń bú tèmi pé ó wọ́. Òótọ́ ni, ó wọ́.

Fimí mú fóònù jáde, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Ọ̀gágun Delight dúró lẹ́yìn ìtọ́kọ̀. Òkùnkùn biribiri ló wà níwájú. Ó ní, 'Atukọ̀, ṣé ẹ ń rí ọ̀nà?'"

Bàbá ò gbójú kúrò lórí bébà.

"Mò ń rí i," ó pariwo. "Ẹ yé béèrè, ẹ gbé ọkọ̀ yín ká máa lọ!"

Fimí gbé àtàǹpàkò kúrò.